Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Ìrànwọ́ fún Linux Mint: Ìròyìn Àléébù, Ìdánwò, Ìtúmọ̀ àti Kóòdù

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń lo Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe: "Mo ń lò ó lójoojúmọ́ láìsanwó. Kí ni mo lè fi ṣe ìrànwọ́? N kò mọ kóòdù kọ." Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò dìgbà tí ẹ bá mọ kóòdù. Àwọn tó ń ṣe Linux Mint kò pọ̀, ohun tó sì ń gba àkókò lọ́wọ́ wọn jù ni wíwá ibi tí àléébù (bug) fara pa mọ́ sí. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé àléébù kan débi tí àwọn náà á fi rí i lórí kọ̀ǹpútà tiwọn ti bá wọn ṣe ìdajì iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn àléébù fi gba ààyè tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ìdánwò, ìtúmọ̀ àti kóòdù tẹ̀ lé e.

Cinnamon, ọ̀kan lára àwọn desktop Mint (ìyẹn páńẹ́lì, mẹ́nù àti fèrèsé tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà), ni a fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀. Bó bá jẹ́ MATE tàbí Xfce ni ẹ ń lò, ohun kan ló yàtọ̀: àwọn mìíràn ló ń ṣe desktop yẹn fúnra rẹ̀, àwọn ni kí ẹ sì gbé àléébù rẹ̀ lọ bá. Àwọn irinṣẹ́ Mint, irú bí Update Manager, kò yàtọ̀.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ yẹ ara yín wò lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- Ẹ̀dà tí wọ́n ṣì ń tọ́jú lẹ ń lò. Linux Mint 22 àti àwọn tó tẹ̀ lé e nínú ìdílé kan náà (22.1, 22.2) dúró lórí Ubuntu 24.04 (Linux mìíràn tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ Mint), ìtọ́jú wọn sì máa dé 2029.
- Ẹ ti gba gbogbo update tó wà nílẹ̀, ẹ sì ti tún kọ̀ǹpútà tàn. Àìmọye àléébù tí àwọn èèyàn ń ròyìn ni wọ́n ti tún ṣe tipẹ́.
- Ẹ ní àkáǹtì GitHub, ibùdó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kóòdù Mint àti ìròyìn àléébù rẹ̀ wà. Ti Launchpad, ibùdó irú rẹ̀ tí Ubuntu ń lò, ò di dandan àfi tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìtúmọ̀ tàbí tí ẹ bá máa gbé àléébù lọ bá Ubuntu.
- Ẹ ti fi Timeshift ya ẹ̀dà ìpamọ́ kọ̀ǹpútà yín, pàápàá bí ẹ bá máa dé apá kóòdù. Timeshift kì í ya fáìlì inú fódà ilé yín àfi tí ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ tọ́jú ìwé àti fọ́tò yín síbòmíràn.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gba ìròyìn. Gbólóhùn kúkúrú tó ṣe tààrà ti tó, ẹnikẹ́ni ò ní yẹ gírámà yín wò.

## Ta ló ni ètò tó ń ṣe wàhálà?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ohun tó wà nínú Linux Mint kì í ṣe ti Linux Mint nìkan: kernel (ọkàn Linux, tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún package (àpò tí wọ́n ń di ètò sí) ló wá láti Ubuntu, àwọn mìíràn wá tààrà látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe wọ́n. Tí ẹ bá gbé ìròyìn lọ sílé ẹni tí kò ni ètò, wọ́n á tì í pa, ẹ̀yin náà á sì rò pé wọn ò kà yín sí.

1. Ẹ mọ orúkọ ètò náà gan-an. Bí fèrèsé kan bá ṣí tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ ṣí terminal (fèrèsé tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí), kí ẹ tẹ `xprop WM_CLASS`. Atọ́ka máúsì á di àgbélébùú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fèrèsé náà, orúkọ á sì jáde. Orí X11, ọ̀nà àtijọ́ tí Linux ń gbà fi fèrèsé hàn, ni èyí ti ń ṣiṣẹ́.
2. Ẹ wá package tó gbé e wá. Fún Nemo, àṣẹ rẹ̀ ni `dpkg -S $(which nemo)`.
3. Ẹ tẹ `apt policy nemo`. Ẹ wo ẹ̀dà tí àmì `***` wà níwájú rẹ̀: òun ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Àwọn ìlà abẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ti wá.

Bí ẹ ṣe máa ka ohun tí ẹ rí nìyí:

- `packages.linuxmint.com`: ti Mint ni. Ẹ lọ sí github.com/linuxmint, kí ẹ wá orúkọ package náà.
- `noble`: ti Ubuntu 24.04 ni, Launchpad ti Ubuntu sì ni àyè rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi fláàṣì tan Ubuntu gan-an, kí ẹ wò ó bóyá àléébù náà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti padà sọ́dọ̀ Mint nìyẹn.
- `/var/lib/dpkg/status` nìkan, láìsí àdírẹ́sì kankan: fáìlì .deb tí ẹ gbà níbòmíràn ni. Ẹni tó ṣe é ni kí ẹ lọ bá.
- `apt` kò mọ̀ ọ́n, àmọ́ `flatpak list` dárúkọ rẹ̀: Flatpak ni, irú ètò tí wọ́n dì lọ́tọ̀ sí ti apt. Àwọn tó ni ètò náà ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Ìkìlọ̀ méjì. Èkíní, bí ẹ bá ti yí mirror (ibùdó tí kọ̀ǹpútà yín ti ń gba package) padà nínú Software Sources, `packages.linuxmint.com` lè má hàn rárá. Orúkọ àpèjẹ́ ẹ̀dà ni kí ẹ wò nígbà náà: `wilma`, `xia` àti `zara` jẹ́ ti Mint 22, 22.1 àti 22.2. Èkejì, Firefox. Láti 2022 ni Mint ti ń gba Firefox tààrà látọ̀dọ̀ Mozilla, tó sì ń pín in láti ibi ìpamọ́ tirẹ̀, nítorí náà `apt policy` á sọ pé ti Mint ni. Síbẹ̀, bí ojú ewé wẹ́ẹ̀bù kan ò bá ṣí dáadáa nínú Firefox, Mozilla ni ọ̀rọ̀ kàn.

Fún ìrọ̀rùn: olùṣàkóso fáìlì ni `nemo`, ohun tó ń gbé fèrèsé kiri ni `muffin`, páńẹ́lì, mẹ́nù àti ojú ìṣètò wà nínú `cinnamon`, Update Manager ni `mintupdate`, Software Manager ni `mintinstall`, ètò ìkọ̀wé ni `xed`. Applet (irinṣẹ́ kékeré inú páńẹ́lì) tí ẹ fúnra yín gbà láti inú ìṣètò wà nínú `cinnamon-spices-applets`, ṣùgbọ́n èyí tó bá Cinnamon wá wà nínú `cinnamon`.

## Kíkọ ìròyìn àléébù

1. Ẹ jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kì í bá ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ kọ iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀ nínú iye ìgbà tí ẹ gbìyànjú.
2. Ẹ yọ ìṣètò tiyín kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ẹ ṣí "Users and Groups", ẹ dá àkáǹtì tuntun sílẹ̀, ẹ wọlé síbẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí àléébù náà ò bá sí níbẹ̀, nǹkan kan nínú ìṣètò yín ló fà á: theme (ìrísí), extension (àfikún) tàbí applet. Ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ á fi tẹ èyí tó jẹ̀bi.
3. Ẹ wo session (irú ìwọlé) tí ẹ wà. Ẹ tẹ `echo $XDG_SESSION_TYPE`. Bó bá sọ pé `wayland` (ọ̀nà tuntun tó ń rọ́pò X11), ẹ jáde, kí ẹ fi session Cinnamon ti àtẹ̀yìnwá wọlé, kí ẹ tún dán an wò. Ohun ìdánwò ni Wayland ṣì jẹ́ nínú Cinnamon, ẹni tó máa ka ìròyìn yín sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ lò.
4. Ẹ wá a bóyá ẹlòmíràn ti ròyìn rẹ̀. Nínú ojú ewé Issues, ẹ mú àmì `is:open` kúrò nínú àpótí ìwákiri kí èyí tí wọ́n ti tì pa náà lè jáde. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀dà tí ẹ ń lò àti ohun tuntun tí ẹ ṣàkíyèsí kún un. Ẹ má kàn kọ "èmi náà"; àmì àtàǹpàkò wà fún ìyẹn, kì í sì í fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn.
5. Ẹ kó àlàyé kọ̀ǹpútà jọ. Ẹ ṣí "System Reports", ẹ lọ sí "System Information", kí ẹ tẹ "Copy". Láti terminal, `inxi -Fxxxrz` ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ má yọ lẹ́tà `z` tó wà lẹ́yìn: òun ló ń bo àdírẹ́sì IP, àdírẹ́sì MAC àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.
6. Ẹ kọ ọ́. Àléébù kan, ìròyìn kan. Ẹ má kó mẹ́ta pọ̀ sójú kan, torí wọn ò ní lè ti ọ̀kan pa kí méjì tó kù ṣì wà ní ṣíṣí.

Báwo ni ìròyìn tó dára ṣe ń rí? "Nemo kò ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un ṣe" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ fi wé àpẹẹrẹ yìí, tí a gbé kalẹ̀ ní Yorùbá kó lè yé yín (SMB ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà pín fódà lórí netiwọọki):

> Àkọlé: Nemo ń pa ara rẹ̀ dé tí mo bá yí orúkọ fáìlì padà nínú fódà SMB
>
> Ìgbésẹ̀: (1) Mo ṣí fódà SMB nínú Nemo. (2) Mo yan fáìlì kan, mo tẹ F2. (3) Mo kọ orúkọ tuntun, mo tẹ Enter.
>
> Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀: kí orúkọ fáìlì yí padà.
>
> Ohun tó ṣẹlẹ̀: gbogbo fèrèsé Nemo pa dé. Orúkọ fáìlì ò yí padà.
>
> Ìgbà wo: nígbà gbogbo. Kì í ṣẹlẹ̀ nínú fódà tó wà lórí dísíìkì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣẹlẹ̀ tí mo bá lo `mv` nínú terminal.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló níye lórí jù. Òun ló sọ fún ẹni tó ń ka ìròyìn pé dísíìkì àti netiwọọki ò jẹ̀bi, pé ibi tí Nemo ti ń bá SMB sọ̀rọ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá lè kọ "kì í ṣẹlẹ̀ tí…", ẹ kọ ọ́.

Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà dára fún ohun tí ojú ń rí: àmì tó gé, àwọ̀ tó dàrú, fèrèsé tó jáde sí ibi tí kò yẹ. Kò dára fún ọ̀rọ̀ inú terminal. Ẹ da ọ̀rọ̀ yẹn kọ bó ṣe wà, kí ẹ fi àmì ``` mẹ́ta ṣíwájú àti sẹ́yìn rẹ̀, kí èèyàn lè ṣe ìwákiri nínú rẹ̀.

### Ibi tí ètò ti ń ráhùn

Ètò tó bá ní ìṣòro sábà máa ń kọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ síbì kan, tí wọ́n ń pè ní log. Ẹ mú èyí tó bá ọ̀ràn yín mu:

- Ètò kan ṣoṣo: ẹ ṣí i láti inú terminal. Fún Nemo, ẹ kọ́kọ́ pa èyí tó wà ní ṣíṣí pẹ̀lú `nemo -q`, kí ẹ tó tẹ `LC_ALL=C nemo`. `LC_ALL=C` yẹn á mú kí ìkìlọ̀ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, èdè yòówù tí kọ̀ǹpútà yín ń sọ.
- Páńẹ́lì, applet, mẹ́nù: ẹ tẹ Alt+F2, ẹ kọ `lg`, kí ẹ tẹ Enter. Looking Glass, irinṣẹ́ àyẹ̀wò Cinnamon, á ṣí. Ẹ lọ sí "Log", kí ẹ wo ìlà pupa.
- Cinnamon àti àwọn ohun tó tàn pẹ̀lú rẹ̀: fáìlì `~/.xsession-errors`.
- Kernel, Wi-Fi, ohùn, bíbùsùn àti jíjí kọ̀ǹpútà: `journalctl -b` fún ìgbà tí ẹ tàn án kẹ́yìn yìí, `journalctl -b -1` fún ìgbà tó ṣáájú. Bí kọ̀ǹpútà bá dì pa tí ẹ sì fipá pa á, `-1` ni ẹ nílò.

Ẹ má da gbogbo log sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wo aago lójú ẹsẹ̀ tí nǹkan bá bàjẹ́, kí ẹ gé ìṣẹ́jú kan ṣáájú àti ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kà á: orúkọ fáìlì, orúkọ Wi-Fi àti orúkọ tí ẹ fi ń wọlé máa ń wà nínú log, gbogbo ayé ló sì máa rí i.

### Bí ètò bá kú lójijì

Bí fèrèsé bá parẹ́ láìsọ ohunkóhun, ẹ ṣí "System Reports" kí ẹ lọ sí "Crash Reports". Ètò tó kú á wà nínú àkójọ pẹ̀lú aago rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ da stack trace rẹ̀ (ipa ọ̀nà tí kóòdù tọ̀ kó tó kú) kọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìròyìn. Bí ó bá kún fún `??`, ẹni tó ń kọ kóòdù ò ní rí ohun púpọ̀ kà níbẹ̀: àmì ìṣàyẹ̀wò ètò náà ni kò sí lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ wá package rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí `-dbg` tàbí `-dbgsym`, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ jẹ́ kí ètò náà tún kú lẹ́ẹ̀kan sí i.

## Ìdánwò ẹ̀dà beta

Kí ẹ̀dà tuntun tó jáde, beta máa ń ṣáájú rẹ̀. Àsìkò yìí ni ìròyìn yín lágbára jù, nítorí pé àtúnṣe á dé kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbé ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà wọn.

1. Ẹ dáńlóòdù ISO (fáìlì tó ní odidi Linux Mint nínú) pẹ̀lú `sha256sum.txt` àti `sha256sum.txt.gpg` sínú fódà kan.
2. Ẹ tẹ `sha256sum -c sha256sum.txt --ignore-missing`. "OK" ni ẹ fẹ́ rí. Bó bá sọ "FAILED", ìdáńlóòdù ò pé. Ẹ tún un ṣe.
3. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ Mint: `gpg --keyserver hkps://keyserver.ubuntu.com --recv-key 27DEB15644C6B3CF3BD7D291300F846BA25BAE09`
4. Ẹ tẹ `gpg --verify sha256sum.txt.gpg sha256sum.txt`. "Good signature" ni ẹ̀rí. Ìkìlọ̀ abẹ́ rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó jẹ́rìí sí kọ́kọ́rọ́ náà kò burú, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.
5. Ẹ fi "USB Image Writer" kọ ISO náà sórí fláàṣì. Gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì náà á parẹ́.

Ẹ má fo ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹrin. Ní oṣù Kejì 2016, àwọn ọ̀daràn wọ ibùdó Linux Mint, wọ́n sì darí àwọn èèyàn sí ISO tí wọ́n ti dì nǹkan mọ́. Ẹni tó lè pààrọ̀ ISO lè pààrọ̀ iye sha256 tó wà lójú ewé kan náà, àmọ́ kò lè fi kọ́kọ́rọ́ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ buwọ́ lù ú.

Kọ̀ǹpútà àfojúrí (èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé kọ̀ǹpútà mìíràn) bíi VirtualBox rọrùn, ó tó fún dídán ojú ìṣètò wò, ṣùgbọ́n kò lè sọ nǹkan kan fún yín nípa Wi-Fi, bluetooth, káàdì àwòrán tàbí bíbùsùn. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ní RAM 2GB ó kéré tán (4GB ló rọrùn) àti àyè 20GB, òun ni kí ẹ lò. Àwọn ohun tó yẹ kí ẹ gbìyànjú:

- Gbígbé e sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan láìsí encryption (fífi ọ̀rọ̀ aṣínà ti dísíìkì pa), lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rẹ̀
- Pípa ìdérí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ ṣí i
- Ojú kọ̀ǹpútà kejì, kí ẹ so ó, kí ẹ já a
- Ìtẹ̀wé, ohùn, gbohùngbohùn àti kámẹ́rà
- Èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì

Ìkéde beta á tọ́ka sí ibi tí ìròyìn rẹ̀ ń lọ, ó sábà máa ń yàtọ̀ sí ibi tí ẹ ti mọ̀. Ẹ tún ka àwọn àléébù tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé. Nígbà tí ẹ̀dà gidi bá jáde, ẹ ò nílò láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Update Manager á mú beta yín débẹ̀.

Bí beta ò bá sí nílẹ̀, Romeo wà. Nínú Software Sources, òun ni "Unstable packages". Ibẹ̀ ni package tí wọn ò tíì fọkàn tán máa ń dé sí. Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ yín kò yẹ fún un.

## Ìtúmọ̀

Ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn ètò Mint fúnra wọn ni wọ́n ń túmọ̀ lórí translations.launchpad.net/linuxmint: ẹ wọlé, ẹ yan ètò, ẹ yan èdè, ẹ kọ ìtúmọ̀ sínú àpótí, ẹ sì fi pamọ́. Bí ẹ ò bá sí nínú ẹgbẹ́ olùtúmọ̀ èdè náà, àbá ni ohun tí ẹ kọ jẹ́ títí ọmọ ẹgbẹ́ kan á fi gbà á wọlé. Ìdádúró yẹn ló ń mú kí àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ wọn sọnù.

Applet, desklet (irinṣẹ́ kékeré orí desktop) àti extension tí àwọn olùlò ń ṣe ní ọ̀nà tiwọn, lórí GitHub. Fún applet:

1. Ẹ fork `cinnamon-spices-applets` (kí ẹ ṣe ẹ̀dà tiyín lórí GitHub), kí ẹ clone rẹ̀ (kí ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà yín).
2. Ẹ wọ fódà applet náà, kí ẹ wá `po` inú rẹ̀. Fáìlì tó parí sí `.pot` ni àwòkọ.
3. Ẹ da á kọ sí `yo.po` fún Yorùbá, kí ẹ ṣí i nínú Poedit, ètò tí wọ́n fi ń túmọ̀.
4. Ẹ túmọ̀, kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. `msgfmt` wà nínú package `gettext`:
   `mkdir -p ~/.local/share/locale/yo/LC_MESSAGES`
   `msgfmt -c -o ~/.local/share/locale/yo/LC_MESSAGES/UUID.mo yo.po`
   Ẹ fi orúkọ applet, èyí tó ní `@` nínú, rọ́pò `UUID`.
5. Ẹ tún Cinnamon tàn, kí ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe jókòó sínú fèrèsé. Ìtúmọ̀ tó gùn jù lè gbá bọ́tìnì kúrò lójú.
6. Ẹ fi `yo.po` ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi pull request (ìbéèrè pé kí wọ́n gba iṣẹ́ yín wọlé). Applet kan, pull request kan.

Àṣìṣe tó ń ba fáìlì jẹ́:

- `%s` àti `%d`. Orúkọ tàbí nọ́ńbà ló máa wọ àyè yẹn. Bí ọ̀kan bá sọnù, ètò lè kú. Bí méjì bá wà tí Yorùbá sì fẹ́ kí ẹ yí ipò wọn padà, ẹ lè kọ `%2$s` àti `%1$s` fún ètò tí wọ́n fi C kọ. Python kò gba ìyẹn, Python sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ Mint. Ẹ tún gbólóhùn tò kí ipò wọn má yí padà.
- Ìlà abẹ́, bíi `_Open`. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ń bá Alt ṣiṣẹ́. Ẹ má fi í síwájú ẹ tàbí ọ, kì í ṣe gbogbo kíbọọ̀dù ló ní wọn. Ẹ má sì lo lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́nù kan.
- Àmì ìsàlẹ̀ tó yàtọ̀ síra. Ẹ lo ẹ (U+1EB9) àti ọ (U+1ECD) jálẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn lórí wọn. Àwọn kíbọọ̀dù kan máa ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán (U+0329) sábẹ́ e àti o. Ojú lè má rí ìyàtọ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà á kà á sí ọ̀rọ̀ méjì, ìwákiri ò sì ní rí i.
- Àpótí fún ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Bó bá bèèrè méjèèjì, ẹ kọ ohun kan náà sí méjèèjì: "Fáìlì %d". Àpótí tó ṣófo á fi Gẹ̀ẹ́sì hàn.

Ẹ má fi ẹ̀rọ atúmọ̀ da odidi fáìlì sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó máa tún un ṣe lẹ́yìn náà pọ̀ ju ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ látòfo lọ.

## Kóòdù

### Èyí tí kò gba compile

Applet Cinnamon jẹ́ JavaScript, kò gba compile (sísọ kóòdù di ètò tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé), ẹ lè tún un ṣe kí ẹ sì rí àyípadà lójú ẹsẹ̀. Fún kàlẹ́ńdà:

1. `cp -r /usr/share/cinnamon/applets/calendar@cinnamon.org ~/.local/share/cinnamon/applets/`
2. Ẹ ṣí `applet.js` inú ẹ̀dà tuntun yẹn, kí ẹ ṣe àyípadà kékeré kan.
3. Alt+F2, `r`, Enter. Cinnamon á tún ara rẹ̀ tàn, fèrèsé yín ò sì ní pa dé. Orí X11 nìkan ni o.
4. Bí applet bá pòórá, àṣìṣe wà nínú kóòdù. Looking Glass á sọ ìlà tó wà.

Ẹ̀dà inú fódà ilé yín ló ń borí ti ètò. Bí ẹ bá gbàgbé láti pa á rẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, update á máa dé, kàlẹ́ńdà yín ò sì ní yí padà.

Àwọn irinṣẹ́ bíi `mintupdate` náà ò gba compile. Python ni wọ́n.

### Èyí tó gba compile: Nemo

1. `sudo apt install git build-essential devscripts`
2. `git clone https://github.com/linuxmint/nemo.git && cd nemo`
3. Ẹ tẹ `nemo --version`, kí ẹ fi `git checkout` lọ sórí nọ́ńbà yẹn. Ẹ̀ka `master` lè máa bèèrè library (àkójọ kóòdù tí ètò ń yá lò) tí ẹ̀dà Mint yín kò tíì ní, òun ló fa ọ̀pọ̀ nínú ẹkún "kò compile".
4. `sudo apt build-dep ./`
5. `dpkg-buildpackage -us -uc -b`. Àwọn fáìlì .deb á bọ́ sínú fódà tó wà lókè rẹ̀, kì í ṣe inú `nemo`.
6. `cd .. && sudo dpkg -i *.deb`, lẹ́yìn náà `nemo -q`. Ẹ rí i dájú pé .deb mìíràn ò sí nínú fódà yẹn, nítorí gbogbo wọn ni àṣẹ yìí máa gbé sórí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí àtúnṣe yín bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e sórí ẹ̀ka tuntun tó yà láti `master`, kí ẹ compile rẹ̀ níbẹ̀ tó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń dá padà jù ni pull request tó tún àléébù ṣe tó sì tún ìrísí kóòdù ìlà igba tò nínú fáìlì kan náà. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ìròyìn bá ti wà fún àléébù náà, ẹ kọ `Fixes #` pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, GitHub á ti ìròyìn pa fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gba kóòdù yín wọlé. Bó bá jẹ́ ohun tuntun lẹ fẹ́ fi kún un, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìròyìn láti bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Linux Mint máa ń kọ ohun tó bá máa mú ojú ìṣètò dí, kódà tí kóòdù rẹ̀ dára.

### Bí wọn ò bá dáhùn

Ẹ fún wọn láyè. Lẹ́yìn tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, ẹ tún dán àléébù náà wò, kí ẹ kọ ìlà kan: "Ó ṣì wà nínú" àti nọ́ńbà ẹ̀dà, tàbí "ó ti lọ". Èyí tó ti lọ, ẹ ti ìròyìn rẹ̀ pa fúnra yín. Pípe orúkọ àwọn tó ń kọ kóòdù lọ́kọ̀ọ̀kan kì í mú iṣẹ́ yá.

### Bí ẹ bá fẹ́ padà sí Nemo ti tẹ́lẹ̀

Ẹ ṣí Software Sources, ẹ lọ sí "Maintenance", kí ẹ tẹ "Downgrade foreign packages". Ẹ yan `nemo` àti àwọn arákùnrin rẹ̀ tó bá wà nínú àkójọ. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, `sudo apt install --reinstall nemo` tàbí update tó kàn á gbé ti Mint padà. Bí desktop ò bá tilẹ̀ tàn mọ́, ẹ tẹ Ctrl+Alt+F2, ẹ wọlé, kí ẹ tẹ `sudo timeshift --restore`, ó sì máa bi yín ẹ̀dà ìpamọ́ tí ẹ fẹ́ padà sí.